Ebè Mẹ́wàá Tí Bàbá Mi Bò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fetí sílẹ̀, kí n sọ ohun tí ìdákẹ́ fojú mi rí ní Sokodé nígbà àwọn Jámánì.

Ọmọ Kambolé ni mí, ọmọ oníṣu. Bàbá mi fi mí sílé ìwé Jámánì ní Sokodé, ìwé ọ̀hún sì tètè sú mi! Ohun tó dá mi dúró ni oko kékeré tí tíṣà wa, ọmọ etíkun kan, máa ń kó àwa mẹ́fà lọ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde.

Ogún ebè iṣu la kọ. A fi koríko bo mẹ́wàá lórí, a fi mẹ́wàá sílẹ̀ fún oòrùn, ká lè mọ ohun tí koríko ń ṣe gan-an. Lójoojúmọ́ là ń ka èyí tó hù, tí à ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe ń dùn tó! Àmọ́ ọ̀gá Jámánì fẹ́ fi ilẹ̀ náà gbin òwú, àfi tí a bá rí nǹkan gidi fi hàn án kí òjò tó dé.

Ó ku díẹ̀ ká parí ni bàbá mi gbé èlùbọ́ wá fún mi. Nígbà tí a kírun Jímọ̀ tán ní àdúgbò Komah, mo mú wọn lọ wo oko wa.

"Àsítágàfúrúlà! Sàlíù, ta ló fi ebè sílẹ̀ níhòòhò báyìí?"

Mo ní tiwa ni. Ojú tì wọ́n. Ṣé ẹ mọ àgbẹ̀ Kambolé? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé ńṣe la mọ̀ọ́mọ̀ ń fìyà jẹ iṣu, ká lè kẹ́kọ̀ọ́? Mo dákẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko, èmi náà sì bá wọn gé e! Òmùgọ̀ ni mí o.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tíṣà bá ogún ebè, gbogbo wọn ló dé koríko. Gbogbo ohun tí a ti ń kà di asán. Bàbá mi tẹ̀ síwájú tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n ní kí n sọ fún tíṣà pé kó má wulẹ̀ dúpẹ́. Mo fi èdè Jámánì, tí bàbá mi ò gbọ́, sọ fún tíṣà pé àwọn ló bò ó. Tíṣà ò pariwo. Ó ní òwú ti gba ilẹ̀ nìyẹn, kí kálukú máa lọ sílé.

"Kí ló wí?" ni bàbá mi bi mí.

Mo ní, "Ó ní ẹ ṣé."

Àwọn Jámánì gbin òwú síbẹ̀. Kò sóhun tó tún ń fà mí nílé ìwé mọ́, mo bá padà sóko bàbá mi. Títí dòní, bí wọ́n bá jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n á máa ròyìn bí àwọn ṣe kọ́ ilé ìwé òyìnbó ní iṣu gbígbìn. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tèmi ti dákẹ́ pátápátá. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ìtìjú ò jẹ́ kí ẹ sọ, tí ẹni tó fẹ́ràn yín fi ba nǹkan jẹ́ fún yín? Ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.