Ìkòkò Àsáró Tó Pẹ́ Ní Hamburg

Nígbà tí mo ń bọ̀ ní Germany, ìyá mi ra ìkòkò kan fún mi. Ìkòkò irin funfun ni, ìdí rẹ̀ nípọn, kì í jẹ́ kí oúnjẹ jóná. Ọmọrí rẹ̀ tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé mo ní láti jókòó lé àpótí mi kí n tó rí i tì pa. Mo fẹ́ràn ìkòkò yìí ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, n kò sì tijú láti sọ ọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi wà ní Hamburg tí èmi wà ní Berlin, ọkọ mi ló sì fà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, lífítì ló ń tún ṣe nínú àwọn ilé gíga Märkisches Viertel. Àwọn ìyá arúgbó ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń yan kéèkì dè é. Ó máa ń bá wọn gbé ẹrù, ó máa ń béèrè orúnkún wọn, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ṣùgbọ́n tí Sátidé bá dé, á dé akoto, á wọ ìhámọ́ra rẹ̀ sí èjìká, á lọ sí pápá kan ní Reinickendorf, á sì di ẹlòmíràn.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa mọ̀ ló ń gbá o. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sá, tí wọ́n sì ń jù síra wọn. Lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn kan ń gbé bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń dínà. Ọkọ mi ni olórí àwọn adínà. Ẹni tó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ni ó máa ń wá kàn, á sì ti gbé e ṣánlẹ̀ kó tó rántí ẹni tó fẹ́ jù ú sí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ kejì á ti máa bi ara wọn léèrè pé, “Wo ist er? Wo ist er?” Níbo ló wà, níbo ló wà. Èmi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa dùn mọ́ mi nínú, n kò ní purọ́.

Wàhálà tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn eré. Ọkọ mi kò lè ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe kó sì wá sílé wá jẹun. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, tí o bá ti ẹnì kan ṣubú, wàá lọ kí i nílé, o kò sì ní lọ lọ́wọ́ òfo. Bó ṣe mú àṣà yìí wọ pápá àwọn Òyìnbó nìyẹn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ẹni tí imú rẹ̀ wú, ọkọ mi á wá àdírẹ́sì wọn kàn, á ní a gbọ́dọ̀ lọ kí wọn. Ta ni yóò sì se oúnjẹ tí a ó gbé lọ? Òun ń ṣe wọ́n léṣe ní Sátidé, èmi ń bó iṣu ní Sọ́ńdè.

Àsáró ni mo máa ń sè. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ pé ẹni tí ara ń ro kì í fẹ́ ohun tó le, àsáró sì ṣeé fi ọwọ́ kan jẹ. Àwọn Jámánì yẹn á ṣílẹ̀kùn, ojú wọn á là, wọ́n á wo ọkọ mi, wọ́n á tún wo ìkòkò. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ, wọ́n á ti máa béèrè bí mo ṣe sè é. Àwọn méjì nínú wọn wá síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ wa obìnrin. Inú mi ń dùn sí i, bí mo tilẹ̀ ń ráhùn.

Ìgbà kan ni wọ́n wá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Hamburg. Ọkùnrin tí ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn ará Hamburg ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá gan-an. Ó ti jù ú lẹ́ẹ̀mẹta kí ọkọ mi tó rí àyè. Ìgbà kẹrin, ọkọ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ìró egungun èjìká ọkùnrin náà láti ibi tí mo jókòó sí. Adájọ́ eré kò fọn fèrè, nítorí pé ọkọ mi kò rú òfin kankan, ṣùgbọ́n ọkọ mi kúnlẹ̀ ti ọkùnrin náà títí ọkọ̀ aláìsàn fi gbé e lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a wọ bọ́ọ̀sì láti Berlin. Mo fi táwẹ́lì wé ìkòkò mi, mo gbé e lé itan fún wákàtí mẹ́ta. Ilé ọkùnrin náà kò jìnnà sí èbúté, àjà kẹta ni, èèyàn sì lè rí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń gbé kọ̀ntéńà láti ojú fèrèsé àtẹ̀gùn. A gbọ́ rédíò nínú ilé. Bí ọkọ mi ṣe tẹ aago ẹnu ọ̀nà, rédíò náà dákẹ́.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá dúró. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, inú ti bí mi débi tí etí mi gbóná.

“Ó wà nínú ilé,” ni mo wí. “Ṣebí a jọ gbọ́ rédíò. Jẹ́ ká máa lọ.”

“Gbé ìkòkò náà síbẹ̀ fún un.”

“Ìkòkò mi?”

“Please, Mọ́mì.”

Mo gbé e síbẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí bébà pé ara á yá, pé kó jẹ ẹ́ kó tó tutù. Bí a ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà wa ní Berlin ni ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, “Kò gbà kí n kí òun.” Nígbà tí ọdún eré yẹn parí, ó bọ́ akoto rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ fún gbogbo èèyàn pé orúnkún ni. Èmi tí mò ń fi òróró wọ́ orúnkún ọ̀hún mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ní bí ọdún méjì kí kòrónà tó ti gbogbo wa mọ́lé, alága ẹgbẹ́ wọn wá sílé wa. Wọ́n fẹ́ fi dígí bo ẹ̀wù ọkọ mi, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ilé ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ láéláé. Mo ti ń ronú irú géèlè tí n ó wé nígbà tí mo gbọ́ tí ọkọ mi ní òun ò fẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alága, ó sìn ín dé ìsàlẹ̀, ó padà wá.

“I'm not going,” ló wí fún mi. “Wọ́n fẹ́ máa pàtẹ́wọ́ fún mi nítorí àwọn tí mo gbé ṣánlẹ̀. Ẹnì kan ṣì wà nínú wọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Tí n bá dúró síwájú ẹ̀wù yẹn, òun ni n ó máa rí.”

Mo bú u díẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò yí padà. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló ń sọ. Èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀, ó ti ń gbé ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kiri láti ọdún mẹ́fà.

Mo rò ó fún ọjọ́ méjì, mo wá pinnu pé èmi fúnra mi á padà sí Hamburg. Mo ti ń mú kóòtù mi nígbà tí ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, bi mí pé ṣé ọkùnrin náà mọ̀ pé mò ń bọ̀.

“Báwo ló ṣe máa mọ̀? Mo ń lọ kí i ni.”

“Mama! Du musst vorher anrufen!” Ó di ọwọ́ mọ́ ìbàdí, ó ń wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ lọ jalè. “Ohne Termin macht keiner auf.”

Pé kí n kọ́kọ́ pè é, pé láìsí Termin, ọjọ́ àti aago tí a jọ fẹnu kò sí, kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn. Mo jókòó sórí àga pẹ̀lú kóòtù mi lọ́rùn. Gbogbo ilé tí a ti ń kan ilẹ̀kùn wọn láti ọjọ́ yìí wá, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú ọkùnrin tó tó ilẹ̀kùn lọ́tọ̀! Mo bọ́ kóòtù, mo kọ lẹ́tà, mo tọrọ Termin láti wá kí ẹni tí a ti ṣe léṣe ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èsì dé: Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú kan, mo tẹ aago. Ó ṣílẹ̀kùn kí n tó mú ọwọ́ kúrò. Irun rẹ̀ ti ń funfun, èjìká rẹ̀ sì ti jinná dáadáa, mo kọ́kọ́ wo ìyẹn ná. Èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi iṣẹ́ àárọ̀ tí wọ́n ń pè ní Schicht ló sì ti dé. Ó mú mi wọ ilé ìdáná, mo gbójú sókè, mo sì rí ìkòkò mi lórí sítóòfù, tí èéfín ń jáde lábẹ́ ọmọrí tó tẹ̀.

“Ìkòkò mi nìyẹn!” ni mo pariwo.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun yọjú láti inú ihò ilẹ̀kùn, ọkọ mi ló kún gbogbo ihò náà, òun sì rò pé ó wá parí èyí tó kù ni. Nígbà tí a lọ, ó rí bébà mi. Ó jẹ àsáró náà, ata mú un sunkún, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ó fẹ́ dá ìkòkò padà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ojú tì í. Nígbà tó di ọdún kan, ìtìjú náà ti ju ìkòkò lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi se oúnjẹ.

“Kò sí ìkòkò tó dára tó o nínú ilé yìí,” ló wí jẹ́jẹ́.

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní kó gbé e fún mi. Ó ní rárá, pé òun fúnra òun ni yóò gbé e wá sí Berlin. Mo sọ fún un ọjọ́ àti aago tí ẹgbẹ́ ti fẹ́ gbé ẹ̀wù ọkọ mi kọ́ ní Reinickendorf, ó kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà ara ògiri lójú mi.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọkọ mi ní.

“Ó jẹ ẹ́?”

“Ó jẹ ẹ́ tán.”

Ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni, àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín. Ó pe alága ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ní òun yóò wá.

Ọjọ́ náà mọ́, oòrùn ràn, pápá Reinickendorf kún. Alága sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀pọ̀ adínà ló ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ òun kì í sinmi ní Mọ́ńdè báyìí, nítorí pé gbogbo ọ̀dọ́ adínà wọn ló ń wá àdírẹ́sì ẹni tó ṣe léṣe kó lè gbé oúnjẹ lọ. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu ojú ni mo rí ọkùnrin Hamburg tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò mi nínú táwẹ́lì.

Ọkọ mi náà rí i. Ó fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó ń yára bọ̀. Ọkùnrin náà gbé ìkòkò dí àyà, ó sì sá sẹ́yìn mi. Ọkọ mi dé iwájú wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko. Dókítà ẹgbẹ́ gbé báàgì, ó ń sáré bọ̀, ó rò pé ó dákú ni.

“Kí ni kí n ṣe?” ni ọkùnrin náà bi mí.

“Kọ́kọ́ gbé ìkòkò mi sílẹ̀ ná.”

Ó gbé e sílẹ̀. Nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, òun náà dọ̀bálẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn lórí koríko, gbogbo pápá sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n jókòó, mo ṣí ìkòkò. Pọ̀tétò ló fi se àsáró, kò rí iṣu. Kò fi ata sí i rárá. Mo fún wọn ní ṣíbí méjì, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

“Lọ́jọ́ yẹn,” ni ọkọ mi wí, “ibo lẹ wà nínú ilé?”

“Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo di kọ́kọ́rọ́ mú títí ẹ fi lọ.”

“Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú?”

“Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀rù yín ń bà mí.”

Ọkọ mi fi ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

“Èmi náà fi ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọ̀hún,” ló wí. “Mò ń gbàdúrà pé kí ẹ má ṣí i, kí n má bàa rí èjìká tí mo bàjẹ́.”

Ọkùnrin náà bu ṣíbí kan, ó ti ìkòkò sún mọ́ ọn. Mo jẹ́ kí wọ́n jẹun tán kí n tó gba ìkòkò mi.