Àwa Àgbẹ̀ Inú Rọ́bà Ọ̀dà

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Àgbẹ̀ orí fóònù, oko ńkọ́?" N kì í bínú sí wọn. Ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín lóòótọ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ní ju bákónì tàbí etí fẹ́ǹsì lọ kó ara wọn jọ sínú gúrúùpù kan lórí fóònù, tí wọ́n ń fi àárọ̀ ọjọ́ Ajé jiyàn lórí ewé tòmátì. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ wà fún, mo ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì dá mi lójú. Màmá mi ni.

Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Iléṣà ni wọ́n ń gbé nígbà tí wọ́n ṣubú lẹ́yìnkùlé, tí egungun ìbàdí wọn sì kán. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ire-Akari, nílùú Èkó. Dókítà sọ pé egungun náà ti ń so pọ̀, pé kí wọ́n máa fi irin tí wọ́n fi ń kọ́ ìrìn rìn káàkiri ilé. Wọn ò rìn. Bí mo bá gbé irin náà wá síwájú wọn, wọ́n á bi mí pé, "Ibo ni mo ń lọ?" Fèrèsé yàrá wọn kọjú sí ògiri ilé kejì, ògiri yẹn ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ títí n ó fi ti ibi iṣẹ́ dé. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò sì jẹun dáadáa.

Mo ní, "Màámi, ẹ ò fọwọ́ kan oúnjẹ yìí."

Wọ́n ní, "Kí ni mo ṣe láti àárọ̀ tí ebi á fi pa mí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Obìnrin tó ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti ata láti kékeré ni wọ́n. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa oko, ṣùgbọ́n lọ́nà ibi iṣẹ́ mi ní Apakun àwọn kan wà tí wọ́n ń ta òdòdó àti ọmọ irúgbìn létí títì. Mo ra ọmọ tòmátì márùn-ún lọ́wọ́ wọn. Mo ṣa rọ́bà ọ̀dà márùn-ún tí àwọn tó kun ilé wa fi sílẹ̀, mo rọ iyẹ̀pẹ̀ sí i, mo gbìn wọ́n sí bákónì. Mo pe màmá mi kí wọ́n wá wò ó. Orí àga wọn ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n na ọrùn.

"Ṣé oko nìyẹn?" Wọ́n tún yíjú sí ògiri.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, ló bá fi mí sínú gúrúùpù àwọn tó ń gbin nǹkan sílé ní Èkó. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́. Ìdáhùn dà wọlé bí òjò. Ẹnì kan ní kí n da eérú sí i. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra oògùn kòkòrò. Ẹ̀kẹta ní omi ni kò tó, èyí ni mo gbà gbọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ńṣe ló burú sí i.

Nígbà náà ni fóìsì kan wọlé, ohùn obìnrin àgbàlagbà tí kò kánjú rárá. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò ò wúlò fún mi. Ẹ ṣàlàyé ewé náà. Ṣé ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ni, àbí òkè? Ẹ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e símú, kí ẹ sọ bó ṣe ń rùn fún mi."

Inú bí mi. Fọ́tò tí mo yà mọ́ kedere, kí ló dé tí kò lè wò ó? Obìnrin tó fi mí síbẹ̀ sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ń ṣe sí gbogbo èèyàn, pé kì í wo fọ́tò ẹnikẹ́ni, kì í sì í kọ ọ̀rọ̀, ohùn nìkan. Mo sọ fún un pé ìgbéraga ni.

Nígbà tí mo délé, mo tún fóìsì náà gbọ́ ní pálọ̀. Màmá mi yí orí padà.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹnì kan nínú fóònù ni, Màámi. Tòmátì ló ń bi mí."

"Èèyàn Ìjẹ̀ṣà ni. Jẹ́ kó tún un sọ."

Mo jẹ́ kó tún un sọ. Màmá mi ní, "Ìbéèrè gidi ló bèèrè. Gbé irin yẹn fún mi."

Mo gbé irin náà fún wọn. Ó pẹ́ kí a tó dé bákónì. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n yí ewé kan síwá sẹ́yìn, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n gbé e símú. Mo di fóònù mú sí wọn lẹ́nu.

Wọ́n ní, "Ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n. Kò sí kòkòrò lábẹ́ rẹ̀, kò sì lu. Iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ń rùn bí omi gọ́tà."

Kò pẹ́ tí èsì dé. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń jẹrà nínú omi. Ṣé ẹ lu ìdí rọ́bà náà?"

Màmá mi wò mí. "Ṣé o lù ú?"

"Rárá, mà."

Wọ́n dojú kọ fóònù. "Ọmọ mi ò lù ú. Yunifásítì ló lọ."

Ìṣó gbígbóná ni mo fi lu ìdí rọ́bà márààrún, màmá mi ń darí mi lórí àpótí. Méjì kú, mẹ́ta yè. Nígbà tí a ṣe tán, wọ́n bi mí pé kí ló wà ní ilé ìdáná.

Láti ọjọ́ náà, bákónì di ibi iṣẹ́ wọn. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi fóìsì ránṣẹ́, àwọn àti ìyá náà sì ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màmá mi á ti rìn dé ẹnu ọ̀nà láti ròyìn fún mi. Ata rodo tí wọ́n gbìn kún un ti yọ ìtànná. Ẹnì kan ní Àjàó ń fi ọṣẹ tí kò dáa fọ ewé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gúrúùpù dá ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí a ó pàdé ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìsọlọ̀ láti fún ara wa ní irúgbìn. Mo mú màmá mi lọ. Ibẹ̀ ni a wà tí obìnrin kan fi wọlé, ó gbọ́wọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó kí gbogbo ilé, gbogbo wa sì mọ ohùn náà. Kò ríran.

Mo rántí gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa ìgbéraga. Mo rọra sọ fún màmá mi pé, "Màámi, ojú wọn."

Wọ́n ní, "Ṣé o kò mọ̀ ni? Èmi ti mọ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá ríran kò ní bi mí bóyá ewé nípọn bí etí àbí bí bébà. N kò sọ ọ́ nítorí òun náà kò sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ni ìyá náà sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún wa. Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ Bọ́ládé ló ń gbé, iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ta okùn láti rọ́bà kan dé èkejì lẹ́yìnkùlé rẹ̀, okùn náà ló ń dì mú rìn. Fóònù rẹ̀ máa ń ka ohun tí a bá kọ sí i létí. Ó ní, "Nígbà tí ojú lọ tán, àwọn ará ilé mi gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ mi, títí kan ṣíbí ọbẹ̀. Nínú gúrúùpù yín, ìbéèrè ni ẹ ń bi mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ ìbéèrè dúró."

A dá a lóhùn pé a ò ní dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan. Àdúrà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, àti "ẹ pẹ̀lẹ́, mà". Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ìyá náà dákẹ́. Èmi náà tẹ ìbéèrè kan, mo pa á rẹ́, ojú ń tì mí.

Màmá mi ló tú u. Wọ́n gbé fóònù wọn ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní, "Ewé ata mi ń ká wọnú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bọ́ládé, ṣé àdúrà ni mo máa wọ́n sí i ni?"

Ẹ̀rín ìyá náà ló kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀rín gígùn, kí ó tó ní, "Ìyá, ẹ yí ewé yẹn padà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìbéèrè mẹ́sàn-án mìíràn ti tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ṣòfin, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni gbogbo wa ti ń ṣàlàyé ewé kí á tó fi fọ́tò sí i. Ó ti là wá lójú. Mo lè sọ pé kí n tó wọ gúrúùpù yẹn, n kò wo ewé kan rí láyé mi.

Nígbà tó yá, màmá mi fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ mọ́tò padà sílé lẹ́bàá Iléṣà, láìlo irin mọ́. Ní àsìkò òjò tó kọjá, mo mú ìyá Bọ́ládé lọ kí wọn. Màmá mi mú un lọ́wọ́ yí ẹ̀yìnkùlé ká, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rí, ìyá náà ń fọwọ́ pa á. Wọ́n dé ibi ìtàkùn kan tó lalẹ̀ hù. Màmá mi ní gbọ̀rọ̀ ni. Ìyá náà fi àtàǹpàkò ra ewé rẹ̀, ó ní rárá, ẹ̀gúsí ni. Ọ̀kankan ò gbà fún èkejì. Wọ́n ní àwọn méjèèjì á jọ dúró síbẹ̀ títí yóò fi so. Èmi nìkan ni mo padà sí Èkó lọ́jọ́ Àìkú.