Orúkọ Tí Delbert Kangas Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Láti ọjọ́ Ajé ni ọkàn Delbert Kangas kò ti balẹ̀. Rédíò ti sọ pé ìjì ńlá ń bọ̀ lórí Adágún Superior, pé yóò dé etí omi wa ní ọ̀sán Ọjọ́rú, àṣìṣe wa sì wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń wò ó.

Mo ní àṣìṣe wa, n kò ní yọ ara mi sílẹ̀. Ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ohun tí ìlú Harker Point fi ń yangàn. Nígbà tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan mú òkúta ńlá kan wá, a gbẹ́ orúkọ òkú wa sí i lára, kí a lè tò wọ́n síbẹ̀ láti dá omi dúró. Títí dé ibẹ̀, kò sí aburú. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé a dìbò pé gbogbo orúkọ gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà, kí àwọn tó ń kọjá lè máa kà á. Delbert, tó ti ń fi katakata to òkúta fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, dìde, ó ní òkúta kì í ṣe fọ́tò, pé ibi tó bá ti lè wọ ara ẹnìkejì rẹ̀ ló yẹ kó kọjú sí. A fi í rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo ní kó jókòó. Ó sì tò wọ́n bí a ṣe fẹ́, nítorí orúkọ Marlys, ìyàwó rẹ̀ tó kú, wà lára wọn, òun náà ń fẹ́ máa rí i.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú ó gun orí àwọn òkúta náà, ó ń fi ẹsẹ̀ tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ló ń mì lábẹ́ ilé náà. Bí òkúta bá ń mì, ìgbì á máa fa iyanrìn abẹ́ rẹ̀ lọ, bí iyanrìn bá sì lọ tán, ilé á wó. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó lọ gbé katakata rẹ̀ wá.

Ottilie Brandt, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó kọ́ gbogbo wa níwèé, ló wá dúró síwájú rẹ̀.

"Delbert, kí lo fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà. Mo fẹ́ yí òkúta Wade padà ni, kó lè jókòó dáadáa."

"Orúkọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Á wà nísàlẹ̀, mà."

"Wọn ò rí òkú ẹ̀ nínú omi yìí, o mọ̀. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ní."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ti ìyàwó ẹ náà á wà nísàlẹ̀, àbí tiwa nìkan?"

Ojú omi ti ń funfun, mo fẹ́ kígbe pé kí wọ́n ṣe kíá, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

"Tiẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀," Delbert ní.

Ó gbé òkúta Marlys sókè, ó dojú orúkọ dé iyanrìn, ó ń sún un sọ́tùn-ún sósì títí ó fi wọ àyè. Tísà wò ó tán, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Delbert yí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu gíláàsì katakata náà.

Ọjọ́ méjì ni ìjì náà fi jà. Ìdí mi kò gba àga. Ojú fèrèsé ni mo wà. Ní ọjọ́ kẹta, ilé gogoro náà ṣì dúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yọ̀, nítorí orúkọ àwọn èèyàn wa ni a ń wá kiri.

Tísà mú òdòdó wá, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò mọ ibi tó máa fi í sí. Delbert di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un lọ síbẹ̀ tààrà.

"Ibí ni, Tísà. Ẹ̀gbẹ́ òsì Marlys ni Wade dùbúlẹ̀ sí."

Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì ti òkúta náà.

"Kò mì," ó ní.

"Kò lè mì, mà. Marlys ló dì í mú."