Apá Òsì Méjì Lára Aṣọ Ìyàwó

Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, aránṣọ ni wọ́n, àmọ́ Onísítáì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọn kì í wo ìwé kankan kí wọ́n tó rán nǹkan, orí ara wọn ni wọ́n ti ń mú un jáde. Tẹ́lẹ̀, tó bá di ọ̀sán, wọ́n á na ara sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, wọ́n á sùn, ẹnu á là sílẹ̀ bíi ti ẹja. Tí wọ́n bá jí, wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀kì lọwọ́, "Ó ti dé! Ó ti dé!" Sítáì ló dé o, kì í ṣe àlejò.

Òkìkí wọn wá kàn. Aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù débi pé àga oníbàárà, aṣọ ló jókòó sí i. Àǹtí ò dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án mọ́, ti òru gan-an ò tó nǹkan. Ojú wọn wú bíi ti ẹni tí agbọ́n ta. Màmá mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán:

"Àbúrò mi, lọ sùn díẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá sùn, ṣé ẹ̀rọ yìí ló máa dá ránṣọ?"

"Ẹ̀rọ gan-an, ṣebí o máa ń rọ epo sí i?"

Àǹtí á pòṣé kan báyìí, gígùn bíi òpó iná.

Ohun tí màmá mi ò mọ̀ ni pé sítáì ò dé mọ́. Wọ́n á dúró síwájú aṣọ, wọ́n á fa ilà, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún fà á. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbá orí mọ́ tábìlì: "Kí ló dé tó fi ṣófo? Kí ló dé?" Èmi tí mo máa ń sín gbogbo èèyàn jẹ, mi ò sín ìyẹn jẹ.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó gbé aṣọ wá. Ìyá ẹ̀ ló rà á pamọ́ dè é kó tó kú. Aṣọ ọ̀hún ò ju ẹyọ kan lọ, kò sì sí irú ẹ̀ lọ́jà mọ́.

Ẹ gbọ́, páálí kan ṣoṣo la fi ń gé apá aṣọ. Tí a bá gé ti òsì tán, à á dojú páálí dé ká tó gé ti ọ̀tún. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lánàá mọ̀ ọ́n. Àǹtí ò dojú páálí dé. Oorun ti gba ojú wọn lọ́wọ́ wọn. Aṣọ yẹn sì ní ojú, ó ní ẹ̀yìn, kò ṣeé yí.

Ìyàwó wá wọ̀ ọ́ wò, ìgbéyàwó ku ọ̀túnla.

"Àǹtí, ọwọ́ mi ọ̀tún ò lọ síwájú."

"Fà á."

"Mo fà á, ẹ̀yìn ló ń fà mí lọ!" Ó dúró bíi adìyẹ tí wọ́n ká lápá kò. Ó wo apá aṣọ náà títí. "Àǹtí, òsì ni méjèèjì. Ṣé mo jọ ẹni tó ní apá òsì méjì ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí gbá sísọ́ọ̀sì mú lórí tábìlì, wọ́n kọjú sí ìsàlẹ̀ aṣọ náà. "Màá yọ apá òmíràn níbí." Màmá mi sáré wọlé látẹnu ọ̀nà, wọ́n di ọrùn ọwọ́ Àǹtí mú.

"O fẹ́ ba èyí tó kù jẹ́!"

"Ẹ jẹ́ n ronú!" Àǹtí bú sẹ́kún. "Mi ò rí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n mi. Inú orí mi dúdú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́!"

Ìyàwó ló rọra gba sísọ́ọ̀sì. "Àǹtí, ẹ sùn."

"Ọ̀túnla ńkọ́?"

"Orí yín ni mo gbé aṣọ màmá mi wá bá, kì í ṣe ọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Tí ẹ bá jí tí kò sí nǹkan kan, màá wọ̀ ọ́ láìlápá."

Àǹtí ní àwọn kàn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni. Wọn ò parí ọ̀rọ̀ yẹn tí wọ́n fi sùn lọ.

Kò pẹ́, bàbá kan ń gbá ilẹ̀kùn: "Onísítáì! Ṣòkòtò mi dà?"

Ìyàwó jáde sí wọn, abẹ́rẹ́ lára aṣọ káàkiri. "Ẹ rọra, sà. Wọ́n ń sùn."

"Oorun kẹ̀? Ta ló máa wá rán tèmi?"

"Kò sẹ́ni tó máa rán an lónìí, sà."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Àǹtí, ó yọ apá òsì méjèèjì kúrò lára aṣọ, ó kó wọn lé ẹsẹ̀, ó ki aṣọ bọ ẹnu kí ẹkún má baà jí Àǹtí.