Ọjọ́ Tí Ìkìlọ̀ Kò Bá Mi ní Eggua

Òórùn gààrí yíyan ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé ibi iṣẹ́ wa ní Ìlaròó. Ẹ̀gẹ́ la máa ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Orúkọ wọn, oko wọn àti iye tí wọ́n kó wá wà nínú kọ̀ǹpútà àyálò tí à ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bíi mítà iná ni, ọ̀rẹ́ mi: bí o bá ṣe lò ó tó ló ṣe ń gbowó tó. Ọ̀gá wa, obìnrin àgbàlagbà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wá ní kí n wá áàpù tí yóò máa ṣọ́ ìlò náà, tí yóò sì kìlọ̀ bí owó rẹ̀ bá ti ń pọ̀ jù.

Méjì ni mo rí. Ọ̀kan lè kìlọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Mo sọ fún Màmá pé èkejì ló rọrùn, mo sì fi nọ́ńbà mi síbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo ní kí kọ̀ǹpútà náà ṣírò gbogbo ẹ̀gẹ́ tí a rà lọ́dún náà. N kò mọ̀ pé mo ti tẹ ibi tó ní kó máa tún un ṣe láìdúró. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Eggua láti forúkọ àwọn àgbẹ̀ tuntun sílẹ̀. Fóònù mi ò dún látàárọ̀, inú mi tiẹ̀ dùn sí i. Ìgbà tí mo ń padà bọ̀, tí a dé Ayétòrò, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò mi. Ìkìlọ̀ ń tẹ̀ lé ìkìlọ̀: owó ìlò ti dé ìdajì iye tí a fi sí i, ó ti kún, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti ṣáájú wọn, èdè Faransé ni, ó ń kí mi káàbọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì òdìkejì bódà ló ti gba fóònù mi látàárọ̀, ìyẹn ni ìkìlọ̀ kò fi lè wọlé. Ọmọ Yewa wo ni kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sẹ́bàá títì. Inú káàdì tí à ń fi sanwó kọ̀ǹpútà náà ni owó àwọn àgbẹ̀ wà, ọjọ́ kejì la sì fẹ́ san án. Ó ṣe mí bíi pé kí n pa fóònù, kí n máa lọ. Nígbà tó yá, mo pe Màmá.

"Dá a dúró ná," ló wí. "Ẹ̀bẹ̀ ṣì ń bọ̀."

Mo dá a dúró láti orí fóònù, ṣùgbọ́n ó ti jẹ púpọ̀ nínú owó àwọn àgbẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Ta ni áàpù náà tún ń kìlọ̀ fún?"

"Èmi nìkan ni, mà."

Kò bú mi. Ó kàn rán mi lọ bá àwọn àgbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé owó wọn máa pẹ́. Bàbá kan tó ń retí owó náà láti fi san owó iléèwé ọmọ rẹ̀ wò mí títí. N kò lè gbójú sókè.

Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe torí pé ó rọrùn ni mo fi yan áàpù yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí kí Màmá má lọ rí àṣìṣe mi. Lónìí, nọ́ńbà rẹ̀ ló ṣáájú tèmi nínú áàpù tuntun tí à ń lò. Bí ìkìlọ̀ bá dún, àyà mi ṣì ń já, ṣùgbọ́n a jọ ń gbọ́ ọ ni.