Ààlè Pupa Lójú Ọ̀nà Odò

Ọwọ́ tí mo nà sókè nínú ìpàdé àwọn olùkọ́ ló kó bá mi. Mi ò tíì lo oṣù mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ifangni nígbà náà, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Wọ́n ti gbé olùkọ́ eré ìdárayá lọ sí apá àríwá, bẹ́ẹ̀ ni alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ wá wo bí àwọn ọmọ wa ṣe ń sá eré ìje gba inú oko. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Kamaráàdì Dìrẹ́kítọ̀ nítorí ìgbà Ìyípadà la wà, tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní kamaráàdì, béèrè ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìwé tí yóò sọ mí di olùkọ́ tó fìdí múlẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀, kò tíì fọwọ́ sí i. Mo nawọ́. Eré ìje kan ṣoṣo ni mo ti sá rí láyé mi. Àwa mọ́kànlá la sá a, èmi ni mo ṣe ìkẹsàn-án. Ẹsẹ̀ rọ́ ẹnì kan lójú ọ̀nà, ẹnì kejì sì gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Mi ò sọ èyí fún wọn.

Ọ̀nà àyípo ni wọ́n ń fẹ́: ibi tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò parí sí, yóò ní òkè, yóò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò sì tó kilómítà mẹ́jọ. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ àpáta. Ṣùgbọ́n bí o bá gba ẹ̀yìn ilé-ìwé lọ sí ìhà Ko-Koumolou, ilẹ̀ pupa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ láàárín ọ̀pẹ títí dé odò, níbi tí wọ́n ti fi igi ṣe afárá. Lẹ́yìn odò, wàá tún máa gòkè títí wàá fi dé ibi tí o ti lè rí páànù ilé Daagbé tó ń dán lókèèrè. Ó wù mí láti dúró síbẹ̀ kí n máa wò.

Ẹsẹ̀ ni mo fi wọn ọ̀nà náà. Bí mo bá ti ka ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, màá mú ẹ̀pà yíyan kan láti àpò òsì sí àpò ọ̀tún, kí n lè fi iye ẹ̀pà ọ̀tún ṣírò nígbẹ̀yìn. Ọgbọ́n náà ò burú, àfi pé ebi máa ń pa mí bí mo bá gun òkè. Àwọn ọmọ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kilómítà mẹ́jọ tèmi gùn ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ó wá ku àmì. Mo ra aṣọ pupa, mo ya á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo so ó mọ́ igi àti èèkàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pupa ni àwọ̀ Ìyípadà, mo ní inú alábẹ̀wò á dùn. Kì í ṣe pé mi ò mọ ààlè o. Bàbá bàbá mi máa ń so àkísà pupa mọ́ ìdí ọsàn rẹ̀, kí olè lè mọ̀ pé ohunkóhun tó bá bá òun tí òun bá fọwọ́ kan ọsàn náà, òun ló fà á. Ṣùgbọ́n ìwé ti kún orí mi débi pé ohun tí mo mọ̀ nílé ò rí àyè jókòó.

Lọ́jọ́ tí a dán ọ̀nà náà wò, àwọn ọmọ sáré dé ibi aṣọ àkọ́kọ́, wọ́n dúró. Ogójì ọmọ, ẹnì kan ò kọjá. Mo fọn fèrè. Èmi fúnra mi sáré kọjá lẹ́ẹ̀mẹta láti fi hàn wọ́n pé kò sóhun tó máa ṣe mí, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni ń wo òkú ọ̀la. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí àwọn obìnrin tó ń pọn omi ò gba ọ̀nà odò mọ́. Ọ̀nà ìyíká tó jìn ni wọ́n ń gbà, pẹ̀lú omi lórí.

Inú bí Kamaráàdì Dìrẹ́kítọ̀. Ó ní àwọn ará oko ló ń dẹ́rù ba ọmọ ilé-ìwé kí iṣẹ́ Ìyípadà lè bàjẹ́. Wọ́n ti sọ fún un pé Ìyá Àsàbí, tó ń ṣe epo pupa létí odò, ló ń sọ kiri pé wọ́n ti pa ààlè sójú ọ̀nà. Ó ránṣẹ́ pè é, ó sì ti mú bébà jáde láti fi kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àgbègbè. Láyé ìgbà yẹn, irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè mú kí arúgbó sùn sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá jandáàmù.

Ìyá Àsàbí dé pẹ̀lú obìnrin márùn-ún. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní ẹni tó pa ààlè náà lòun wá rí.

"Ọ̀nà tí ìyá ìyá mi gbà pọn omi ni," ó ní. "Ẹni tó bá ní i, kó jáde, ká lè mọ ohun tí a jí lọ́wọ́ rẹ̀."

Kamaráàdì Dìrẹ́kítọ̀ wo ojú mi, ó ń retí kí n bá a bá ìyá náà wí. Mo rí ìwé mi lórí tábìlì. Mo rí ẹsẹ̀ Ìyá Àsàbí náà, eruku ọ̀nà jíjìn ti bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

"Ìyá, èmi ni," mo ní. "Ẹ ò jí nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

"Ìwọ, Mùsíè olùkọ́?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí lo wá ní lọ́nà odò?"

Èyí tó kéré jù nínú àwọn obìnrin náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kí gbogbo wọn tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kamaráàdì Dìrẹ́kítọ̀ ká bébà rẹ̀ kò, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí eré náà bá bàjẹ́ lójú alábẹ̀wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n di ẹrù mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Àsàbí bá mi rìn yí gbogbo ọ̀nà náà ká. Èmi nìkan ni mo tú aṣọ pupa, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó ní ọ̀nà tó dáa kì í fẹ́ àmì, èyí tí kò dáa là ń dí. Ní gbogbo oríta, ó já ẹ̀ka igi tútù, ó sì fi dábùú ọ̀nà tí a ò ní gbà. Ẹni tó bá ṣáájú lọ sóko ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ ọdún márùn-ún ní Ifangni mọ̀ ọ́n, olùkọ́ jọ́gíráfì ni kò rántí.

Òjò ńlá rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú eré, ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èmi ni mo kẹ́yìn gbogbo wọn. Mo ní torí àtikó àwọn tó bá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ̀ tó mi. Nígbà tí mo dé oríta tó wà lókè odò, mo rí ẹ̀ka igi tó dábùú ọ̀nà tí àwa méjèèjì fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹsẹ̀ gbogbo ọmọ ti yà sí ọ̀nà kejì, ọ̀nà ìyíká tó jìn. Mo ní ó tán, ewúrẹ́ ti wọ́ ewé kiri, ogójì ọmọ ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fo ẹ̀ka náà, mo sáré sísàlẹ̀ kí n lè lọ pàdé wọn níwájú.

Igi tí wọ́n fi ṣe afárá ò sí níbẹ̀ mọ́, àgbàrá ti gbé e lọ. Inú omi ni mo ti mọ̀. Ó mù mí dé àyà, mo di gbòǹgbò kan mú, mo sì wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo bá wá. Mo rò ó bí ogójì ọmọ ì bá ṣe máa já bọ̀ níbẹ̀ lórí eré, tí ẹni ẹ̀yìn ń ti ẹni iwájú. Àṣé Ìyá Àsàbí ti wá pọn omi ní ìdájí, ó rí i pé afárá ti lọ, ó sì já ẹ̀ka igi.

Nígbà tí mo dé ilé-ìwé pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti bàtà ẹyọ kan, gbogbo àwọn ọmọ ti dé, wọ́n ń mu omi. Alábẹ̀wò ń sọ pé ọ̀nà náà dára, pé ọmọ kan ò ṣìnà, bẹ́ẹ̀ òun ò rí àmì kankan níbẹ̀. Ó béèrè ẹni tó là á. Kamaráàdì Dìrẹ́kítọ̀ fẹnu júwe mi. Mo nawọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo nà án sí Ìyá Àsàbí, tó dúró láàárín àwọn òǹwòran.

"Ìyá yìí ni, sà," mo ní.

Ìyá Àsàbí mi orí. "Mi ò la ọ̀nà kankan. Èyí tó lè pa ọmọ ọlọ́mọ ni mo dí."

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé mi. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí mo fi kọ́ni ní Ifangni, kò sì sí kíláàsì tuntun kan tí mi ò kọ́kọ́ mú lọ sí oríta yẹn kí n tó ṣí àwòrán ilẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n yìn mí pé èmi ni mo la ọ̀nà eré ìje. Mo sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n sì ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ọ́ dé ibi tí mo já sínú omi. Títí dòní, bí wọ́n bá béèrè nínú ìpàdé pé ta ló mọ iṣẹ́ kan ṣe, àpò mi ni ọwọ́ mi máa ń wà, ó ń ka ẹ̀pà.