Akọni Méjì Tó Ń Fa Ṣòkòtò

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ. Mi ò ní purọ́, ẹnu mi yìí ló ti jáde. Ọdún kẹrìndínlógún rèé. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi sí nílé, ó wá padà dé pẹ̀lú báàgì kan àti ìtàn tí kò wọ̀ mí létí. Ó ní ilé-iṣẹ́ méjì tó ń ṣe géèmù ìjà, tí wọ́n ti ń bára wọn figagbága tipẹ́, ló pawọ́ pọ̀ láti kó àwọn akọni wọn sínú géèmù kan ṣoṣo. Òun ni wọ́n gbà kó máa ju ẹ̀ṣẹ́, kó máa ta ìpá, kí kọ̀ǹpútà máa wò ó, kí àwọn akọni náà lè máa rìn bí èèyàn gidi.

Mo ní, "Géèmù ọ̀hún dà?"

Ó ní wọ́n ti fagi lé e. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ jà, kálukú kó ẹrù rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mú fọ́tò kankan jáde.

"Áà! Kò sí géèmù, kò sí fọ́tò, kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n mi, ọgbà ẹ̀wọ̀n wo lẹ wà gan-an?"

Mo fi ṣe àwàdà ni. Ṣùgbọ́n Màámi wà ní yàrá, wọ́n gbọ́, wọn ò sì rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Màámi ń gbàdúrà sókè ketekete: "Olúwa, dárí ohun tí ọmọ mi ṣe jì í." Ẹni tí wọ́n ń sọ náà á wà lórí ìjókòó níbẹ̀, á máa mu tíì rẹ̀. Wọ́n á tún pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Mi ò bínú o. Ṣáà sọ òótọ́ fún mi kí n tó kú." Á ní, "Màámi, òótọ́ ni mo sọ." Wọ́n á sì nu ojú.

Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kì í parọ́! Káfíńtà ni. Bó bá ní Ọjọ́bọ̀ ni ilẹ̀kùn yín máa ṣetán, Ọjọ́bọ̀ náà ni. Ẹ bá mi wá káfíńtà mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló já láti orí òrùlé, tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún bàjẹ́, kò sì lè ta ìpá mọ́ láéláé. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Màámi kì í débẹ̀ rárá, eruku pákó máa ń mú wọn wúkọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń ká aṣọ ní pálọ̀ nígbà tí ọmọ mi obìnrin, tó wà ní yunifásítì, so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣàn. Ó ní òṣìṣẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló tọ́jú ẹ̀dà géèmù kan tí ilé-iṣẹ́ méjì jọ ṣe, tí wọ́n sì fagi lé, pé àwọn olólùfẹ́ géèmù ti tún un ṣe fún ọdún méjì kó tó ṣiṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti wà káàkiri ayé. Akọni méjì jáde: bàbá onírùngbọ̀n kan àti obìnrin kan tó ga. Kí wọ́n tó jà, bàbá náà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó di ṣòkòtò mú níbi itan, ó fà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ni obìnrin náà bá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù kó tó gbé pákó!

"Mọ́mì, ohun tó sọ géèmù yìí di olókìkí nìyẹn," lọmọ mi wí. "Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù báyìí, inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Kí wọ́n lè bọlá fún un, wọ́n ń fi fífa ṣòkòtò yẹn sínú tiwọn." Ó fi hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Jagunjagun fà á. Ọmọge fà á. Rọ́bọ́ọ̀tì kan tí kò wọ ṣòkòtò rárá ń fa afẹ́fẹ́! Mo rẹ́rìn-ín títí, lójijì ni ẹ̀rín náà dá. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo pè ní ẹlẹ́wọ̀n rèé, káàkiri ayé.

Mo sáré lọ mú un wá. Mo fi Màámi jókòó síwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi nìyẹn. Èmi ni méjèèjì. Ẹni tó yẹ kó ṣe obìnrin yẹn ò wá. Aṣọ tí wọ́n fún mi ló tóbi, ó ń yọ̀ wálẹ̀, ni mo ṣe ń fà á."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí."

"Dìde jàre. Orúnkún kan tó bàjẹ́ nínú ẹbí yìí ti tó."

Màámi fa àga mọ́ tẹlifíṣàn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Tún un ṣe." Ọmọ mi tún un ṣe. "Tún un ṣe." Ó di ìgbà mẹ́rin. Wọ́n wá fọwọ́ kan ojú tẹlifíṣàn náà.

"Aṣọ kankan ò tóbi," ni wọ́n wí. "Bàbá yín nìyẹn."

Alábàárù símẹ́ńtì ni bàbá wa. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n kú, èmi ṣì wà níkùn. Fọ́tò pélébé kan péré ni mo fi mọ̀ wọ́n.

"Kó tó gbé àpò, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á fẹsẹ̀ janlẹ̀. Mo ti gbàgbé. Ẹ gbà mí, mo ti gbàgbé!" Wọ́n di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú. "Ìwọ lo gbé e dé ibi tó jìnnà tó báyìí, èmi sì ń tọrọ àforíjì fún ọ láràárọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí lé èjìká wọn, ó sunkún bí ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tó pẹ́, ọmọ mi béèrè bóyá kí òun pa tẹlifíṣàn. Màámi ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.